"Ṣebí máṣíìnì ló ṣe é?": ìtàn kúbùsù ọmọdé, abẹ́rẹ́ àti owó iṣẹ́ ní Dagenham

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì, kó fi pamọ́ di alẹ́, kó wá fara balẹ̀ kà á.

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá ní Barking àti Dagenham títí ó fi sú mi: "Ṣebí máṣíìnì ló ṣe é?" Ìgbà tí a bá ń ná ọjà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa tó ń rán kúbùsù ọmọdé la máa ń sọ ọ́. Ẹ mọ irú kúbùsù tí mo ń wí. Wọ́n á gé ankara, àdìrẹ àti kọ́tìnnì sí ègé, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á wá fi òwú aláràbarà kọ orúkọ ọmọ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i, nígbà míì pẹ̀lú erin tàbí ẹyẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní quilt. Ẹ̀bùn ìkómọ gidi ni. Ṣùgbọ́n tí obìnrin náà bá ti dá iye owó, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni: "Háà, Àǹtí, ẹ bá mi mú un wálẹ̀ jàre. Ṣebí máṣíìnì ló ṣe é?"

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí, iṣẹ́ PhD ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́, torí náà ẹ dárí jì mí tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ ọjà lọ sínú ìtàn. Gbólóhùn yìí ní ìtàn, apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà sì ṣẹlẹ̀ níbí gan-an, ní Dagenham. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe máṣíìnì àkọ́kọ́ tó ń fi abẹ́rẹ́ ya ọnà sára aṣọ, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, tí a bá sì ní máṣíìnì ló ṣe é, owó ẹnì kan la fẹ́ gé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kúbùsù fúnra rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní: aṣọ ojú, òwú tó nípọn láàárín, àti aṣọ ẹ̀yìn. Rírán tó gba àárín ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ni kì í jẹ́ kí òwú inú rẹ̀ ṣù jọ sójú kan. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ní ilé àkójọpọ̀ V&A níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rán ní Sicily láàárín nǹkan bí ọdún 1360 sí 1400, ìtàn akọni kan tó ń jẹ́ Tristan ni wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ yà sára rẹ̀. Nílé tiwa, ooru kò jẹ́ ká nílò irú aṣọ ìbora bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sísopọ̀ ègé aṣọ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ wo aṣọ eégún: àrán lórí ankara, ankara lórí aṣọ òkè, tí ìdílé ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Torí náà, tí obìnrin Yorùbá kan ní Becontree bá jókòó tó ń so ègé aṣọ ìyá rẹ̀ mọ́ ègé aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ kó lè fi ṣe ìbora ọmọ, kì í ṣe pé ó ń ṣe àfarawé òyìnbó. Ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń fi òtútù ibí yìí kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ló dé tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀? Ìtàn méjì ni màá fi dáhùn.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ilé ìtọ́jú ọmọ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Foundling Hospital, Thomas Coram ló dá a sílẹ̀. Ìyá tí kò bá lè tọ́ ọmọ rẹ̀ á gbé e wá, ilé náà á sì fún ọmọ ní orúkọ tuntun. Kí ìyá lè rí ọmọ rẹ̀ dá mọ̀ tí ọjọ́ bá dára, ègé aṣọ kan á wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà. Ní ọdún 1767, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Bender gbé ọmọ rẹ̀ Charles wá. Ègé aṣọ alábùlẹ̀ ló mú dání, ó ti fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán ọkàn sí i. Ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì sílẹ̀, ó sì mú ìdajì lọ. Wọ́n yí orúkọ Charles padà sí Benjamin Twirl. Ní ọdún 1775, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìyá náà padà wá gba ọmọ rẹ̀. Ìdajì aṣọ tó fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà títí di òní.

Èkejì jẹ́ tiwa. Láti nǹkan bí 1955 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó wá kàwé ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, torí ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ òru àti yàrá kótópó kò jẹ́ kí wọ́n ráyè tọ́ ọmọ. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ fi ń wá alágbàtọ́. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tilbury ni wọ́n fi í sí, ìyẹn lẹ́bàá odò Thames kan náà tí Dagenham wà, ó sì ti fi ìrírí ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan dàgbà láìmọ èdè wa, àwọn kan kò tilẹ̀ lè pe orúkọ ara wọn bó ṣe yẹ. Mi ò dá òbí kankan lẹ́jọ́ o, ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí ọmọ ń fi ojú rí lórí ibùsùn rẹ̀ ní alaalẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí ilé bá wá jìnnà, ó yẹ kí nǹkan kan máa rán ọmọ létí rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ máṣíìnì.

Ní nǹkan bí 1829, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Josué Heilmann, ní ìlú Mulhouse ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀rọ tó lè fi ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ya ọnà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó méjì, ihò òwú wà láàárín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹnì kan á jókòó, á máa fi ọwọ́ òsì tọ àwòrán ńlá kan lójú ìlà, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹ̀rọ, á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń di abẹ́rẹ́ mú. Gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́! Ẹlòmíì, obìnrin tàbí ọmọdé lọ́pọ̀ ìgbà, á sì dúró ti ẹ̀rọ náà láti máa fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní agbègbè St. Gallen ní Switzerland, inú ilé àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí wà, àwọn ọmọ ilé ló sì ń bọ òwú náà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ní 1863, Isaak Gröbli, ọmọ Switzerland, ṣe èyí tó yára jù ú lọ. Schiffli ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni ọkọ̀ ojú omi kékeré, torí bí ohun tó ń gbé òwú kọjá lẹ́yìn aṣọ ṣe rí. Àwọn ahunṣọ tiwa náà ń pe irú nǹkan yẹn ní ọkọ̀, ẹ ò rí i pé ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń wo iṣẹ́! Ní 1898, ọmọ rẹ̀, Joseph Arnold Gröbli, mú kí ẹ̀rọ náà lè máa tọ ihò tí wọ́n lu sára páálí, dípò kí ènìyàn máa tọ àwòrán. Àwọn kan á ti sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń lu ihò sára páálí? Ẹni tó mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa o. Léèsì tí àwọn ìyá wa ń fi ṣe aṣọ ẹbí, ọmọ ẹ̀rọ Gröbli ni. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn aránṣọ Lustenau, ní Vorarlberg ní Austria, ti ń ṣe léèsì tí wọ́n dìídì ń kó wá sí Nàìjíríà, títí tí wọ́n fi ṣe àfihàn ńlá nípa òwò náà ní Vienna ní 2010. Òótọ́ ni pé máṣíìnì ló ń rán léèsì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá màmá yín, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tà á fún yín ní owó pọ́ọ́kú torí pé máṣíìnì ló ṣe é. Ẹ ó gbọ́ èsì!

Nílé, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer ni púpọ̀ nínú wa bá lọ́wọ́ àwọn òbí wa àgbà. Isaac Singer gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọnà ọrùn agbádá tẹ́lẹ̀ rí i pé àwọn lè yọ ẹsẹ̀ irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kúrò, kí wọ́n na aṣọ sínú férémù róbótó, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ méjèèjì darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ̀wé. Níbí, ìwé ló ń rìn, kálàmù dúró lójú kan. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe eré. Tí ọwọ́ bá yára ju ẹsẹ̀ lọ, òwú á já. Tí ẹsẹ̀ bá yára ju ọwọ́ lọ, òwú á ṣù. Ẹ̀rọ Singer kan náà ló wà ní gbogbo ilé, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo ilé ló lè ya ọrùn agbádá?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dagenham báyìí.

Ford bẹ̀rẹ̀ sí ṣe mọ́tò níbí ní 1931, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ilé Becontree lọ́wọ́. Nínú ilé iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin ló ń fi máṣíìnì rán aṣọ ìjókòó mọ́tò. Kí wọ́n tó gba obìnrin sí iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò lórí máṣíìnì. Síbẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pín gbogbo iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, ìsọ̀rí B ni wọ́n fi wọ́n sí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní ìsọ̀rí C ló tọ́ sí àwọn. Lórí ìyẹn, obìnrin tó wà ní ìsọ̀rí B kò gbà ju ìdá 85 nínú 100 owó ọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà.

Ẹ ò rí i? Gbólóhùn tiwa náà nìyẹn, èdè ọ́fíìsì ni wọ́n kàn fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Máṣíìnì ló ṣe é, kí wá ni tiyín?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1968, àwọn obìnrin 187 gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde. Rose Boland wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Kò pẹ́ tí aṣọ ìjókòó fi tán, mọ́tò tí kò ní ìjókòó kò sì ṣeé tà, ni ilé iṣẹ́ ńlá náà bá dúró gbagidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà kí Barbara Castle, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó pè wọ́n jókòó. Wọ́n gbé owó wọn sókè sí ìdá 92 nínú 100 owó ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí Òfin Owó Iṣẹ́ Dọ́gba ti ọdún 1970. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù Made in Dagenham, ibẹ̀ ni fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí, pẹ̀lú ayọ̀.

Ṣùgbọ́n fíìmù kò sọ ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí tó bó ṣe yẹ. Kì í ṣe owó nìkan ni àwọn obìnrin náà bèèrè. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde ni pé kí a gbà pé iṣẹ́ àwọn jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀. Ìyẹn ni wọn kò fún wọn ní 1968. Wọ́n fi owó dí wọn lẹ́nu, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní ìsọ̀rí B. Ó di 1984, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó dé ìsọ̀rí C. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí ní 1968 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́. Ó rọrùn fún àwọn ọ̀gá láti fi owó díẹ̀ kún owó ju kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé, "Ẹ mọ iṣẹ́ yìí, a ò mọ̀ ọ́n."

Mọ́tò tó kẹ́yìn jáde ní Dagenham ní 2002, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Àwa la wá ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn. Ètò ìkànìyàn 2021 fi hàn pé nínú gbogbo England àti Wales, àgbègbè wa yìí ni ìpín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ti pọ̀ jù, àti pé ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún àwọn olùgbé rẹ̀ tó jẹ́ ènìyàn dúdú. Ọmọ pọ̀, ìkómọ pọ̀, kúbùsù pọ̀. Ariwo máṣíìnì ṣì wà ní Dagenham, ó kàn ti kúrò ní ilé iṣẹ́, ó ti wọ yàrá.

Máṣíìnì tòní ní kọ̀ǹpútà nínú. Ó lè gún aṣọ ní ìgbà 600 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn télọ̀ wa ń pe iṣẹ́ náà ní mónógíràmù. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé ènìyàn kàn tẹ bọ́tìnnì, ó lọ sun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àǹtí kan tó ń ṣe é.

Orúkọ òyìnbó rọrùn. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń bá máṣíìnì wá ti ní àmì orí tí àwọn Faransé ń lò. Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ tiwa, ẹ, ọ àti ṣ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní in. Lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ àná o. Láti ayé Crowther ni wọ́n ti ń wá bí a ó ṣe kọ wọ́n, ìpàdé ìjọ CMS ní Èkó ní 1875 ló sì fìdí wọn múlẹ̀. Síbẹ̀ máṣíìnì ọdún yìí kò mọ̀ wọ́n. Tí ẹ bá jẹ́ kí máṣíìnì dá kọ "Ayọ̀", ohun tí yóò kọ ni "Ayò", ọmọ tí ẹ fi ìdùnnú sọ lórúkọ á wá di eré orí ọpọ́n. "Ọpẹ́" á di "ope", kí ẹnì kan sì tó mọ̀, wọ́n ti kà á sí òpè. Ṣé irú orúkọ tí ọmọ máa fi bora nìyẹn?

Torí náà, àǹtí yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àmì kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Tí àmì náà bá kéré jù, abẹ́rẹ́ á máa gún ojú kan, òwú á já, aṣọ á sì lu. Tí ó bá tóbi jù, á dà bí ẹ̀gbin tó kán sílẹ̀. Kúbùsù tún nípọn, ó rọ̀, àmì kékeré sì máa ń rì sínú rẹ̀ bí òkúta tó bọ́ sínú ẹ̀kọ. Ó ní láti tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ́ nínú omi sórí aṣọ kó tó rán an. Ó ń dán an wò lórí àjákù aṣọ ná, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló ń yí ẹ̀yìn padà láti gé gbogbo òwú tó ń mì, torí ọmọ ìka ọmọ lè há sí i, ó sì ń bo ẹ̀yìn iṣẹ́ náà kó má baà ha ọmọ lára. Ó tún máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà ohun tí àwọn dókítà ń sọ níbí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fi irú kúbùsù yìí bora sùn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó máa ṣeré lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi kọ́ ara ògiri títí ọmọ á fi dàgbà díẹ̀.

Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú mi, "Ṣebí máṣíìnì ló ṣe é, mà?" Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jókòó tì í. Tó bá pe orúkọ ọmọ ẹ, gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo mọ̀ pé owó kò sí. Èmi náà akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ mọ bí àpò wa ṣe rí. Kò sí ẹni tó ní kí a má ná ọjà mọ́, ìnájà wà lára àṣà wa. Tí owó kò bá tó, ẹ sọ pé owó kò tó. Ẹ bèèrè kúbùsù tó kéré, tàbí kí ẹ ṣu owó jọ bí ẹgbẹ́. Ìyẹn kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣùgbọ́n "ṣebí máṣíìnì ló ṣe é" kì í ṣe ìnájà. Ohun tó ń sọ fún obìnrin náà ni pé kò mọ nǹkan kan. Àwọn obìnrin 187 kọ̀ ọ́ ní 1968 lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí à ń gbé yìí, ó sì gba ọdún mẹ́rìndínlógún kí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn tó gbé e mì. Kò yẹ kí àwa tí a jogún àdúgbò wọn tún gbé e jáde fún àwọn ìyá wa.

Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ ní ọdún yìí, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sísàlẹ̀ níbí, pẹ̀lú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Màá kó gbogbo rẹ̀ fún àǹtí, wọ́n ní àwọn ń wá orúkọ tí àwọn á fi dán àwọn lẹ́tà tuntun wò. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ní àmì, kó sọ, a máa bá a fi sí i.